Bí a ṣe gbé Frontier mi sókè ní Bàrígà

Oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, lójú ọ̀nà oko ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, àyà mọ́tò pickup mi, Nissan Frontier, jókòó sórí ilẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó gẹdú ti gbẹ́ ọ̀nà náà di ipa méjì tó jìn, òkìtì ilẹ̀ sì nà gbọọrọ láàárín wọn bí ebè. Àpò gààrí mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tí abẹ́ ha ilẹ̀, ó ha á títí, ó dúró. Mo fi í sí 4WD kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa fà, mo bọ́ sí gíà tó lágbára jù lọ, táyà ń yí, mọ́tò kò kúrò lójú kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́. Irin àárín ṣáàsì, ìyẹn egungun irin tó ru ilé mọ́tò, ló ru gbogbo ẹrù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tó ń ti oko bọ̀ ló fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí n tó ráyè jáde.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti parí ni àwọn ará àdúgbò ti ń béèrè ohun tí mo ṣe sí i àti iye tí mo ná. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tí a ti ṣìṣe, nítorí pé ẹsẹ̀ mọ́tò kì í ṣe ibi tí à ń fi ojú lásán wọ̀n.

Mọ́tò náà: Nissan Frontier 2001, ilẹ̀kùn mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3.3, 4WD, tokunbo láti Amẹ́ríkà. Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni 265/70R15. Lẹ́yìn, sípíríǹgì rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra. Níwájú, kò ní sípíríǹgì ká-ká-ká bíi ti ọ̀pọ̀ mọ́tò. Torsion bar ló ní. Ọ̀pá irin gígùn méjì ni, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n so orí kan mọ́ apá ẹsẹ̀ iwájú, wọ́n sì de orí kejì mọ́ àárín ṣáàsì. Bí táyà bá gòkè, ọ̀pá náà á lọ́. Bó bá fẹ́ tú, á ti táyà padà sílẹ̀. Níbi tí wọ́n dè é mọ́ ṣáàsì, bolt ńlá kan wà tí ènìyàn lè yí láti gbé iwájú sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ máa rà. Ìdí nìyí tí irú mọ́tò báyìí fi rọrùn láti gbé sókè fún ẹni tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́. Bolt yẹn kan náà ló sì ń ba ẹsẹ̀ mọ́tò ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́.

Mo ti wo iye tí wọ́n ń ta odindi àpótí irin ìgbémọ́tò-sókè ní òkè òkun. Dọ́là ni, owó ọkọ̀ ojú omi ń bẹ lórí rẹ̀, owó àtigbà á ní èbúté ń bẹ lórí ìyẹn. Mo pa ojú ewé náà dé.

Tépù ìwọ̀n ṣáájú sípánà

Ọ̀gá mẹkáníìkì mi jù mí lọ lọ́jọ́ orí, Bọ̀dá ni mo ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí wa, lápá ibi tí Bàrígà ti kan Ṣómólú. Bí mo ṣe ṣàlàyé tán ló ti na ọwọ́ sí sípánà.

“Àbúrò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ká yí bolt yẹn, iwájú á dìde.”

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.”

Ó wò mí, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ mú tépù wá. A wa mọ́tò lọ sórí ilẹ̀ símẹ́ńtì tó tẹ́jú ní òdìkejì ọ̀nà, a fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ibi tí mo wọ̀n ni àárín gbùngbùn họ́ọ̀bù sí etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀ tààrà. Bí ẹ bá wọ̀n láti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ táyà àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ á tàn yín jẹ. Họ́ọ̀bù sí fẹ́ńdà kò ní irọ́ nínú.

Iwájú, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà: mm 478. Iwájú, ẹ̀gbẹ́ kejì: mm 490. Ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà: mm 500, ẹ̀gbẹ́ kejì: mm 508. Irin àárín ṣáàsì tó kan ilẹ̀ lóko jẹ́ mm 232 sí ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ kókó gíà ẹ̀yìn (differential, tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì), mm 205.

Mo jókòó ti àwọn nọ́ńbà yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí dírẹ́bà ń jókòó sí ti fi mm 12 rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ níwájú. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ènìyàn kan ti ń jókòó sí apá kan náà, yálà ní Amẹ́ríkà tàbí níbí. Lẹ́yìn, sípíríǹgì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Ó yẹ kó tẹ̀ bí ọrun, ó ti di pátákó. Ìgbà yẹn ló yé mi pé apá kan gíga tí mo ń wá, mọ́tò náà ti ní in tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ nù ni. Iṣẹ́ wa ni láti dá a padà, ká wá fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá ra tokunbo, tí ẹ ń ronú àtigbé e sókè, ẹ wọ̀n ọ́n ná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sípíríǹgì tuntun nìkan lẹ nílò.

Iwájú: ibi tí ojúkòkòrò ti mú wa

Fún ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń fín WD-40 sí bolt méjèèjì kí Sátidé tó dé. Ìdọ̀tí àti ìpẹtà ọdún púpọ̀ wà níbẹ̀, bolt tó bá sì já níbi yẹn á sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Bọ̀dá fẹ́ gbé ṣáàsì lé orí búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò inú kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó lè dúró láàárọ̀ kó sì fọ́ lọ́sàn-án láìfọhùn, ènìyàn ló sì máa wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti yá irin ìdúró mọ́tò (jack stand) méjì lọ́wọ́ aládùúgbò mi kan. A fi jáàkì gbé iwájú, a ti irin náà sábẹ́ ṣáàsì, a sì jẹ́ kí táyà méjèèjì fì. Ó ṣe pàtàkì kí wọ́n fì. Bí ẹrù mọ́tò bá ṣì wà lórí ẹsẹ̀, ọ̀pá náà ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ti bolt, ẹni tó bá yí i nígbà yẹn ń fi ojú ìrinsẹ̀ bolt náà, ìyẹn àwọn ìlà tó lọ́ yí i ká, ṣòfò.

Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí bolt wà tẹ́lẹ̀, mo sì ń ka ìyípo sókè bí ọmọ iṣẹ́ ti ń yí i. Lára mọ́tò tèmi, ìyípo kan ń fún mi ní nǹkan bíi mm 4. A yí ti ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá, ti ẹ̀gbẹ́ kejì ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. A sọ ọ́ kalẹ̀, a wà á lọ síwájú, a wà á padà sẹ́yìn, kí táyà lè rí ààyè jókòó. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ tí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, á gbé nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ fún yín. Mm 535 ní ọ̀tún, mm 535 ní òsì. Inú gbogbo wa dùn. Mọ́tò náà dúró bí akọ màlúù.

Mo wà á jáde sí ọ̀nà Àkọkà. Ní bọ́ńpù àkọ́kọ́, mo gbọ́ *gbà!* níwájú. Ní ìkejì, *gbà!* kan náà. Kì í ṣe ìgbà tí táyà ń gun bọ́ńpù, ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì ni. Mo padà, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Apá òkè ẹsẹ̀ iwájú ti jókòó pátápátá lórí rọ́bà ìdènà rẹ̀. Kò sí ààyè kankan tó ṣẹ́ kù fún táyà láti sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa bolt yẹn nìyí. Gbogbo ẹsẹ̀ mọ́tò ní iye tó lè gòkè àti iye tó lè sọ̀ kalẹ̀. Bolt kò fi kún àpapọ̀ rẹ̀ rárá. Ó kàn ń gé lára sísọ̀kalẹ̀, ó ń fi í lé gígòkè ni. Ẹ gbé mm 40 sókè, ẹ ti pàdánù mm 40 tí táyà ì bá fi tẹ̀lé kòtò lọ sísàlẹ̀. Nínú oko, táyà tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ á fì lófuurufú, 4WD kò sì wúlò fún táyà tó fì. Bẹ́ẹ̀ ni axle iwájú, ọ̀pá tó ń yí táyà, á tẹ̀ ní igun tó burú, rọ́bà tó bò ó á máa jẹ ara rẹ̀, ball joint, oríkèé tó so táyà mọ́ apá ẹsẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ ní etí ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Wọn kò ní bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa rò pé kò sí wàhálà.

Bọ̀dá ní ká fi í sílẹ̀, pé ó máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ wo ibi tí apá yẹn wà.” Ó wọlé sábẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde, ó ní, “Òótọ́ ni. Ẹ dá a padà.” Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá tó lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́pọ̀.

A tú u ní ìyípo márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó di mm 515 méjèèjì, ìka méjì sì lè wọ àárín apá òkè àti rọ́bà ìdènà. Ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà gba mm 37, ẹ̀gbẹ́ kejì gba mm 25, ọ̀pọ̀ nínú ti ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà sì jẹ́ gbèsè àtijọ́. Fún mọ́tò tó ní torsion bar, mo gbàgbọ́ pé bíi ínǹṣì kan sí ọ̀kan àbọ̀ ni kí ènìyàn gbà, kó sì dúró níbẹ̀.

A rí i pé rọ́bà axle ẹ̀gbẹ́ kejì ti ya díẹ̀. A pààrọ̀ rẹ̀, a fi gíríìsì tuntun sí i. Bí a bá ti fi í sílẹ̀, igun tuntun yẹn ì bá ya á tán láàárín oṣù kan.

Ẹ̀yìn: lọ́dọ̀ bàbá onísípíríǹgì

Ọ̀nà bíi mẹ́rin ló wà láti gbé ẹ̀yìn mọ́tò onísípíríǹgì pẹlẹbẹ sókè, mo sì rò gbogbo rẹ̀ wò.

Ẹni tó ń ṣe irin ní Òwòdé Onírin fẹ́ gé shackle tuntun fún mi, ìyẹn irin méjì tó so ìdí sípíríǹgì kọ́ sára ṣáàsì. Kò wọ́n, ó sì yá. Ẹ rántí pé ìdajì lẹ máa rí: shackle tó bá fi ínǹṣì méjì gùn sí i á gbé mọ́tò ní bíi ínǹṣì kan péré, nítorí pé ìdí kan ṣoṣo nínú méjì ló sọ̀ kalẹ̀. Ó sì ń yí imú gíà ẹ̀yìn kúrò ní ojú ibi tó ń wò, ọ̀pá tó ń yí i lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Bí ẹ bá máa ṣe é, kí irin náà nípọn, kí ẹ sì jẹ́ kí jórinjórin fi irin ìdábùú kan so méjèèjì pọ̀ láàárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́tò á máa mì sọ́tùn-ún sósì.

Èkejì ni búlọ́ọ̀kù irin tí wọ́n ń fi sáàárín axle àti sípíríǹgì. Ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, bó bá jẹ́ irin tó ki, tó ní ẹnu tó wọ ihò àárín. Àmọ́ ó ń sọ ara rẹ̀ di ọwọ́ ìfà: bí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tẹ iná, axle á máa fẹ́ yí ara rẹ̀ po lórí rẹ̀. Mo ti fi ojú ara mi rí mọ́tò tí wọ́n fi igi apá sí ibẹ̀. Igi! Lábẹ́ ọkọ̀ tó ń kó ènìyàn! Ẹ má ṣe é láéláé, ẹ má sì to búlọ́ọ̀kù méjì léra, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù irú èyíkéyìí sábẹ́ sípíríǹgì ẹsẹ̀ iwájú.

Ẹ̀kẹta ni láti gbé ilé mọ́tò nìkan kúrò lórí ṣáàsì. Ààyè táyà ló ń fún ènìyàn, irin tó kan ilẹ̀ lóko á ṣì wà níbi tó wà. Kò kàn mí.

Ẹ̀kẹrin ni mo yàn: láti dá ìtẹ̀ sípíríǹgì padà, ká sì fi irin kan kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní Ládìpò, lápá Múṣin, ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá ti dáná sílẹ̀. Ó ní òun máa fi gáàsì jó irin náà títí á fi pọ́n, òun á tẹ̀ ẹ́ bí mo bá ṣe fẹ́, wákàtí kan péré. Mo dúpẹ́, mo kúrò níbẹ̀. Irin sípíríǹgì gba iná, wọ́n tì í bọ inú òróró kó le, wọ́n tún fi iná díẹ̀ rọ̀ ọ́ kó má baà ṣẹ́. Ìlànà yẹn ló fi ń tẹ̀ tó sì ń padà. Bí ènìyàn bá kàn jó o títí ó fi pọ́n, tó wá fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, ó ti di irin lásán. Á dúró dáadáa fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á sì tún nà. Bí wọ́n bá sì bu omi lé e lórí kó lè yá, ó lè ṣẹ́ lójú ọ̀nà.

Ẹni kan júwe bàbá àgbàlagbà kan fún mi ní ẹ̀yìn ọjà náà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, mo sọ ohun tí mo ń wá. Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn irin mi, ó gbé e kọ́, ó fi òòlù kékeré kàn án, ó fetí sí i. Èyí dún gbọọrọ. Ó kan ìkejì, ìkẹta. Ìkẹrin dún gbọ̀ù, bí ìkòkò tó sán. Bàbá fi àkísà nu ún, ó fi hàn mí: ìlà tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àárín, tí ojú mi kò rí rárá. “Èyí ti kú, ọmọ mi. Wá òmíràn.” Bí a bá ti dá a padà sẹ́sẹ̀ mọ́tò, abẹ́ ẹrù gààrí ló máa já sí.

Tútù ni bàbá ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní irin ńlá kan tí àárín rẹ̀ tẹ̀ kòtò, ó gbé irin sípíríǹgì dábùú rẹ̀, ó sì ń fi òòlù ńlá kàn án láti ìdí dé orí, díẹ̀díẹ̀, kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ láàárín ojú òòlù kan àti èkejì. Ó kàn án, ó gbé e sókè, ó fi ojú kan wò ó bí ẹni ń wo ọfà, ó tún kàn án. Ọjọ́ méjì ló gbà. Bí mo ṣe jókòó tì í lórí àpótí, mo rántí pé àdá tí bàbá mi fi ń ṣán oko, sípíríǹgì ọkọ̀ ni àwọn àgbẹ̀dẹ fi rọ ọ́, ó sì wà nílé wa títí dòní. Irin yìí ní ìwà, ó kàn fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni.

Irin àfikún méjì àti ọ̀kan tó rọ́pò èyí tó sán, tokunbo ni mo rà, ìbú mm 60 bíi ti tèmi. Gíráńdà ni a fi gé e, kì í ṣe iná, fún ìdí kan náà. A dán etí rẹ̀ kó má baà máa gbẹ́ irin tó wà lókè rẹ̀. Ihò àárín gba sùúrù: dírìlì tó ń rọra yí, òróró tó ń kán sí i, nítorí pé irin yẹn le ju ẹnu dírìlì tí wọ́n ń tà káàkiri lọ. A ba ẹnu dírìlì mẹ́ta jẹ́.

U-bolt tuntun mẹ́rin, irin tó tẹ̀ bí lẹ́tà U tó ń de axle mọ́ sípíríǹgì. Bọ̀dá ní ti àtijọ́ ṣì dára. Mo rà á síbẹ̀. U-bolt tí wọ́n ti fún mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti nà, ojú ìrinsẹ̀ rẹ̀ ti fà. Pẹ̀lú irin tó nípọn sí i, yóò sì kúrú. Ohun tó so gbogbo axle mọ́ mọ́tò kò yẹ kó jẹ́ ibi tí a ti ń dín owó kù.

Nígbà tí a dá a padà, a jẹ́ kí axle fì pátápátá, a rí i pé ṣọ́ọ̀kì ló ń dá a dúró, kì í ṣe sípíríǹgì. Ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe okùn tí a fi ń so axle kọ́. Bó bá ń nà tán ní gbogbo kòtò, á já nínú. Mo wọ̀n ọ́n, mo ra méjì tuntun tó gùn tó. A wo rọ́bà tó ń gbé òróró bíréèkì lọ sẹ́yìn náà, ó ṣì ní ààyè láti nà. Ẹ yẹ tiyín wò, kódà kí ẹ tó wo ṣọ́ọ̀kì. Bí mọ́tò yín bá sì ní fáàfù bíréèkì tí ọ̀pá kékeré so mọ́ axle ẹ̀yìn, ẹ tún un tò, nítorí pé bí ẹ̀yìn bá ti ga, fáàfù náà á rò pé ẹrù kò sí, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù.

Mm 549 ní ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, mm 551 ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Táyà

Nǹkan kan tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tó ń béèrè: gbogbo ohun tí a ṣe títí di ibí yìí, kókó gíà ẹ̀yìn kò gbé mm kan kúrò nílẹ̀. Mm 205 ló wà, mm 205 ló ṣì wà. Táyà nìkan ló lè gbé e.

Mo lọ sí 31x10.5R15. Èyí ti tẹ́lẹ̀ ga ní mm 752, tuntun yìí mm 787, ìdajì ìyàtọ̀ rẹ̀ ló ń gbé mọ́tò, mm 17 àti díẹ̀. Tokunbo ni mo rà, mo sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. Ẹni tó ń tà á gbé ọ̀kan tó dán gbinrin jáde, wọ́n ti fi nǹkan dúdú pa á lára. Ọdún 2012 ló wà níbẹ̀. Mo dá a padà. Àwọn mẹ́rin tí mo mú, kò sí èyí tó ti pé ọdún márùn-ún.

Bí mo bá yí ìdarí dé òpin, táyà iwájú ń fọwọ́ kan rọ́bà ìdènà ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀bẹ ló yanjú ìyẹn. Lórí Third Mainland Bridge ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú kan tí ọ̀nà dá, mo fi fóònù wo eré: tẹ́lẹ̀, bí mítà bá sọ 80, fóònù á sọ 77, báyìí, 80 mítà jẹ́ 81 lórí fóònù. Mo tún kíyè sí i pé atẹ́gùn ọ̀sà ń tì í ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mọ́tò tó ga kò fẹ́ kí wọ́n sáré yí i. Mo ti dín eré mi kù níbi tí ọ̀nà bá ti ká, mo sì ti sọ fún ọmọ mi ọkùnrin tó máa ń wà á.

Alignment, iná, àti owó

Ilé alignment (ibi tí wọ́n ti ń to táyà kó dúró tààrà) àkọ́kọ́ tó bá mi to ẹsẹ̀ iwájú ní òun ti ṣe tán, àmọ́ orí táyà méjèèjì ṣì yọ síta bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé agbè. Ojú ìdarí nìkan ló tò. Bọ̀dá ló mọ̀ pé lára Frontier yìí, irin pẹlẹbẹ kéékèèké wà níbi tí wọ́n ti de apá òkè mọ́ ṣáàsì, iye wọn ni a fi ń tún ìdúró táyà ṣe. Òun àti ọmọ ilé alignment kejì ṣe é pọ̀, wọ́n yọ, wọ́n fi kún, ó gbà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan. Kò ju ìdajì dígírì lọ báyìí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Láìṣe èyí, táyà tí mo fi owó ńlá rà ì bá ti jẹ tán ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní alẹ́, mo dúró níwájú ògiri, mo tún iná iwájú sọ̀ kalẹ̀ kí n má baà máa fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀.

Owó tí mo ná: irin sípíríǹgì tokunbo mẹ́ta ₦36,000, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá ₦30,000, U-bolt ₦24,000, bolt àárín méjì ₦3,000, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ₦70,000, rọ́bà axle àti gíríìsì ₦12,000, alignment tó yanjú ₦15,000, Bọ̀dá àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ₦50,000. ₦240,000 nìyẹn. Táyà gba ₦300,000, mo ta ti àtijọ́ ní ₦100,000. Iwájú, tó jẹ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ń wò, fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba nǹkan kan. Bí owó kò bá tó, ẹ fi táyà sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ẹ má fi U-bolt, ṣọ́ọ̀kì àti alignment sílẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́ẹ̀kejì

Oṣù kẹwàá, òjò kò tíì dá. Ọ̀nà kan náà, àpò mẹ́jọ kan náà. Pẹ̀lú ẹrù, ẹ̀yìn dúró ní mm 511, ó ga ju bó ṣe wà láìsí ẹrù tẹ́lẹ̀. N kò fi àpò kankan kún un. Irin àfikún ń gbé ẹ̀yìn mọ́tò sókè, kò sọ bíréèkì, axle àti táyà di ti ọkọ̀ tó tóbi jù.

Níbi tí wọ́n ti fi ọkọ́ gbẹ́ mi jáde, mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo ìwọ̀n ebè àárín yẹn. Láìsí ẹrù, irin ṣáàsì ti di mm 288 sí ilẹ̀. Mo fi táyà ẹ̀gbẹ́ kan gun ebè, mo rọra tẹ iná. Ewéko ha abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ kò kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi tó dúró lókè ọ̀hún pàtẹ́wọ́.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 300. Nọ́ọ̀tì U-bolt kan gba ìdá mẹ́rin ìyípo kí ó tó le dáadáa, àwọn tó kù kò mì. Iwájú ti rọlẹ̀ díẹ̀: mm 511 àti 512. Ẹ̀yìn kò kúrò níbi tó wà. Nígbà tí Bọ̀dá mi táyà iwájú, ó rí i pé búṣì idler arm, apá kan lára irin ìdarí, ti ń ṣeré, ibi tí irú mọ́tò yìí ti máa ń kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́, táyà tó tóbi sì ń fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti sanwó sílẹ̀ fún tuntun ní Ládìpò. Sátidé tó ń bọ̀ la máa fi sí i.